Yógà kọjá kí á gbé ẹsẹ̀ kọ́ ọrùn

Bí ẹnìkan bá dárúkọ yógà, àwòrán tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn ni ti ẹnìkan tó wọ aṣọ tó lẹ̀ mọ́ ọn lára, tó gbé ẹsẹ̀ kọ́ ọrùn, tó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bíi pé ibì kankan ò dùn ún. Ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀ kó fọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀ á wo àwòrán náà, á ní, "Èyí kì í ṣe tèmi," á sì bá tirẹ̀ lọ. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Kì í ṣe pé ẹ̀yìn mi ṣàdédé rọ̀ ni mo fi yí ohùn padà. Ìwé ni mo kà.

Ìwé tí àwọn olùkọ́ yógà máa ń tọ́ka sí jù ni Yoga Sutra, tí wọ́n ní Patanjali ló kó jọ ní ilẹ̀ Íńdíà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó ti tó nǹkan bí 1,600 ọdún báyìí. Àwọn mìíràn ní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé pẹlẹbẹ ni. Gbólóhùn 196 ló wà nínú rẹ̀, òmíràn ò sì ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ. Nínú gbogbo rẹ̀, mẹ́ta péré ló sọ bí ènìyàn ṣe máa gbé ara rẹ̀ sí. Ẹ gbọ́ ohun tí àkọ́kọ́ nínú wọn wí: kí ìjókòó dúró ṣinṣin, kó sì tuni lára. Ó parí. Kò sí ẹsẹ̀, kò sí ọrùn.

Kí wá ni ìyókù ń sọ? Ọ̀rọ̀ ọkàn ló gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀: bó ṣe ń sá kiri, ohun tó ń dà á láàmú, àti bí a ṣe lè mú un wálé. Nítorí náà, bí ẹ bá ti pinnu pé ẹ kò ní ara tí ẹ ó fi ṣe yógà, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ẹ lè ṣe nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀, nígbà tí ẹ̀yin àti ẹnìkejì yín bá ń fa ọ̀rọ̀, tàbí lábẹ́ igi kan tí ẹ ti ń kọjá lára rẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

Àjàgà àti ẹṣin márùn-ún

Inú ọ̀rọ̀ ìṣe kan, yuj, ní Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, ni yógà ti wá. Ó túmọ̀ sí kí á so nǹkan pọ̀, bí ìgbà tí a bá fi àjàgà kọ́ màlúù méjì lọ́rùn kí wọ́n lè jọ fa ẹrù kan. Ara àti ọkàn ni à ń so pọ̀ níbí, kí ọ̀kan má baà máa lọ sápá ọ̀tún kí èkejì máa lọ sápá òsì.

Ìwé mìíràn tó ṣáájú ti Patanjali, Katha Upanishad, ya àwòrán rẹ̀ lọ́nà tí n kò lè gbàgbé. Ó ní ara ènìyàn dà bíi kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà. Ojú, etí, imú, ahọ́n àti awọ ara ni àwọn ẹṣin. Ọkàn ni ìjánu. Làákàyè ló mú ìjánu lọ́wọ́. Ẹ̀yin fúnra yín, ohun tí ẹ jẹ́ kó tó di pé wọ́n sọ yín lórúkọ, ni èrò tó jókòó sẹ́yìn.

Ẹ wo bí òwúrọ̀ yín ṣe máa ń rí. Ojú kò tíì là tán tí ọwọ́ ti ń wá fóònù kiri lábẹ́ ìrọ̀rí. Kí ẹ tó ka iṣẹ́ kan tí wọ́n rán sí yín tán, ìròyìn burúkú ti wọlé, ẹnìkan ti fi ilé tuntun han ayé, inú sì ti ń bí yín sí ẹni tí ẹ kò rí rí. Àwọn ẹṣin ti lọ nìyẹn. Làákàyè ṣì ń hanrun. Èrò ẹ̀yìn kò tilẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ń gbé òun lọ.

Gbólóhùn kejì péré nínú ìwé Patanjali ló ti sọ ohun tí yógà jẹ́: kí ìrúkèrúdò inú ọkàn rọlẹ̀. Àwọn olùkọ́ a máa fi ọkàn wé adágún omi. Bí afẹ́fẹ́ bá ń rú u, ẹ kò ní rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bó bá tòrò, ẹ ó rí gbogbo òkúta ibẹ̀. Àṣìlóye ńlá wà níbí, torí ọ̀pọ̀ gbà pé ẹni tó jókòó ṣe àṣàrò gbọ́dọ̀ lé gbogbo èrò jáde lọ́kàn. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fọwọ́ tẹ ìgbì omi mọ́lẹ̀ wò: ẹ óò dá kún un ni. Ohun tí wọ́n ń kọ́ni ni pé kí ènìyàn jókòó, kó mọ̀ pé òun ń mí, kó sì padà sídìí èémí yẹn nígbàkigbà tí ọkàn bá ti lọ. Yóò lọ. Ti ẹni tó ti ń ṣe é fún ogún ọdún náà ń lọ.

Báwo wá ni ìdárayá ṣe gba orúkọ náà mọ́ ìyókù lọ́wọ́? Ẹ jẹ́ n gé ìtàn gígùn kúrú. Ẹ̀yà yógà kan wà tí wọ́n ń pè ní hatha, tó mú ara àti èémí ní pàtàkì. Ìwé rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù, Hatha Yoga Pradipika, ti nǹkan bí ọ̀rúndún 15, ṣàpèjúwe ìdúró 15, púpọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ ìjókòó. Ní àwọn ọdún 1930, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Krishnamacharya ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní ààfin Mysore, ní gúúsù Íńdíà, ní àwọn ìdúró tó le, tí ọ̀kan ń tẹ̀ lé òmíràn láìdáwọ́ dúró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bíi B.K.S. Iyengar, Pattabhi Jois àti Indra Devi wà lára àwọn tó gbé e dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ohun tó ṣeé yà ní fọ́tò ni ayé kọ́kọ́ rí, kò sì sí bí a ṣe fẹ́ ya sùúrù ní fọ́tò.

N kò bu ẹnu àtẹ́ lu ìdárayá o. Ẹni tí ẹ̀yìn ń ro kò lè jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó tó wá di pé ọkàn rẹ̀ á tòrò. Ẹnu ọ̀nà ni ìdárayá wà. Inú ilé ló kù tí a ò tíì wọ̀.

Ibi tó le jù

Ẹ̀ka mẹ́jọ ni Patanjali pín ọ̀nà náà sí. Ìdúró ara ni ẹ̀kẹta, èémí ni ẹ̀kẹrin. Láti ẹ̀karùn-ún dé ẹ̀kẹjọ jẹ́ ti inú lọ́hùn-ún, láti ìgbà tí ènìyàn bá ti pe ojú àti etí rẹ̀ padà wálé, títí dé ibi tí ọkàn á fi rì sínú ohun tó ń wò. Ṣùgbọ́n méjì ló ṣáájú gbogbo wọn, àwọn ni a sì sábà máa ń fò: yama, bí a ṣe ń bá ẹlòmíràn gbé, àti niyama, bí a ṣe ń bá ara ẹni gbé. Ìlànà márùn-ún-márùn-ún ló wà lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan.

Lójú tèmi, ibẹ̀ ló le jù. Mo mọ ẹnìkan tó lè fi orí dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí kò lè gba ìbáwí fún ìṣẹ́jú kan.

Ahimsa ló ṣíwájú: kí á má ṣe ẹ̀dá níbi, ì báà ṣe pẹ̀lú ọwọ́, pẹ̀lú ẹnu tàbí nínú èrò. Satya, òtítọ́, ló tẹ̀ lé e. Ó dà bíi pé wọ́n rọrùn, àfìgbà tí àwọn méjèèjì bá kọlu ara wọn. Ọ̀rẹ́ yín gbé iṣẹ́ tó fi oṣù mẹ́fà ṣe wá, ó ní kí ẹ bá òun wò ó, iṣẹ́ náà kò sì dára. Òtítọ́ korò, gbogbo wa la mọ̀. Àmọ́ àlàyé àtijọ́ tí wọ́n kọ sórí ìwé Patanjali, tí wọ́n ní ti Vyasa ni, sọ pé kí ọ̀rọ̀ lè ṣe ẹ̀dá lóore ni a ṣe ń sọ ọ́. Èyí tó bá ń pa wọ́n lára kì í ṣe òtítọ́, aṣọ òdodo ló kàn gbé wọ̀. Kò ní ká parọ́. Ó ní ká bi ara wa léèrè pé, ire ta ni mo ń wá tí mo fi fẹ́ sọ èyí? Bó bá jẹ́ pé kí ọ̀rẹ́ yín lè tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ni, ẹ ó wá àkókò tó wọ̀, ẹ ó wá ohùn tó rọ̀, ẹ ó sì wá ibi tí etí kẹta kò sí. Bó bá jẹ́ pé kí ẹ lè fi hàn pé ẹ gbọ́n jù ú lọ ni, ẹ ti kúrò nídìí yógà. Ẹyin lohùn: àwọn tó kọ ìwé yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀ láì gbọ́ òwe wa.

Asteya, àìjalè, kọjá kí á má fọwọ́ bọ àpò ẹlòmíràn. Ẹni tó mú kí ènìyàn mẹ́fà máa dúró de òun fún ogún ìṣẹ́jú ti jí wákàtí méjì gbé. Èyí jẹ́ ìtumọ̀ tèmi, ṣùgbọ́n mi ò rò pé Patanjali á bá mi jà sí i. Brahmacharya túmọ̀ sí kí ajẹ́jẹ̀ẹ́ má mọ ọkùnrin tàbí obìnrin rárá. Fún ẹni tó ní ọkọ tàbí aya, ìkóra-ẹni-níjàánu ni. Aparigraha ni kí á má kó ohun tí a kò nílò jọ. Ẹ ṣí ibi tí ẹ ń kó aṣọ sí. Ẹ ó bá ìdánwò yín níbẹ̀.

Lára àwọn ti ara ẹni, ìmọ́tótó àti ìforítì kò ṣòro láti lóye. Ìtẹ́lọ́rùn ni wọ́n máa ń ṣì gbọ́, bíi pé ó ní ká jókòó tẹtẹrẹ. Kò ní kí ẹ má wá iṣẹ́ tó dára ju èyí tí ẹ ní lọ. Ó ní kí ẹ má so ìdùnnú yín rọ̀ di ọjọ́ tí ẹ máa rí i.

Gbólóhùn kan wà ní orí kìíní ìwé náà, ẹ̀kẹtàlélọ́gbọ̀n, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan nínú gbogbo 196, òun ni n ó mú. Ó ní ọkàn á tòrò bí a bá ń bá ẹni tí inú rẹ̀ dùn ṣọ̀rẹ́, tí a ń ṣàánú ẹni tó ń jìyà, tí a ń bá ẹni tó ń ṣe rere yọ̀, tí a sì fi ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣe ibi sílẹ̀ láì jẹ́ kó gba ọkàn wa. Ẹ wò ó dáadáa. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ibi nìkan ló ń rú ọkàn sókè. Ire ẹlòmíràn náà ń rú u. Wọ́n gbé ẹni tí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ga, ẹ sì rí i pé ẹ̀rín ẹnu yín kò dé ojú. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yógà wà lọ́jọ́ náà. Ti ẹni burúkú ńkọ́? Kò ní kí ẹ jẹ́ kó máa rẹ́ yín jẹ, ẹ lè pè é lẹ́jọ́. Kàn má gbé e sùn.

Bhagavad Gita, ìwé mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù kan tó ní orí 18 àti ẹsẹ 700, fi ìmọ̀ràn tirẹ̀ kún un: iṣẹ́ ni ẹ ní ẹ̀tọ́ sí, ẹ kò ní ẹ̀tọ́ sí èso rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìyẹn ni pé kí ohunkóhun má jọ wá lójú mọ́. Rárá. Ẹ fojú inú wo ẹni tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò fún iṣẹ́. Ìmúrasílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdáhùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpinnu àwọn tó jókòó lódìkejì tábìlì kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọkàn rẹ̀ bá ti fò lọ sórí èsì nígbà tí wọ́n ń bi í ní ìbéèrè kejì, ìbéèrè náà ló máa ṣì gbọ́. Ìwé kan náà ní mímọ iṣẹ́ ṣe ni yógà. Ó tún ní kì í ṣe ti ẹni tó ń jẹ àjẹjù, kì í ṣe ti ẹni tó ń febi pa ara rẹ̀. Kì í ṣe ti ẹni tó ń sùn jù, kì í ṣe ti ẹni tí kì í sùn. Ọkàn mi balẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ka ìyẹn.

Olùkọ́ mẹ́rìnlélógún

Ẹ̀yin tó mọ orúkọ àwọn ìdúró yógà á ti kíyè sí i pé àwọn ohun tó wà níta ni wọ́n fi sọ púpọ̀ nínú wọn lórúkọ: igi, òkè, ejò, ẹja, eṣú, idì. Kì í ṣe ẹwà ọ̀rọ̀ lásán. Ìwé àtijọ́ mìíràn, Shvetashvatara Upanishad, nígbà tó ń sọ ibi tó yẹ kí ènìyàn jókòó sí, ní kó jẹ́ ibi tó tẹ́jú, tó mọ́, tí kò ní òkúta wẹ́wẹ́, tí ìró omi ibẹ̀ tu ọkàn lára, tí kò bu ojú jẹ, tí ìjì kò sì lè dé.

Ìtàn tí mo fẹ́ràn jù wà nínú ìwé kọkànlá Bhagavata Purana. Ọba Yadu pàdé alárìnkiri kan tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ tí inú rẹ̀ sì ń dùn. Ọba bi í pé níbo ló ti rí ayọ̀ yìí. Ọkùnrin náà ní olùkọ́ mẹ́rìnlélógún ni òun ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Ilẹ̀ ni àkọ́kọ́: wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n ń gbẹ́ ẹ, kò sì yẹ̀ kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Òkun ń bẹ níbẹ̀, tí odò gbogbo ń ṣàn sínú rẹ̀ nígbà òjò tí kò sì kún àkúnya, tí wọ́n ń fà nígbà ọ̀dá tí kò sì gbẹ. Àfòpiná ń bẹ níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ ń fà á sínú iná, àgbọ̀nrín tí orin ọdẹ ń tàn, ẹja tí ahọ́n rẹ̀ mú dé ẹnu ìwọ̀. Àwọn ẹṣin tó ń fa kẹ̀kẹ́ ìṣáájú náà nìyẹn, ẹ̀dá alààyè ló kàn fi wọ́n hàn wá báyìí. Erè náà wà níbẹ̀, tí kì í sáré oúnjẹ kiri, tí ń jẹ èyí tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní ti ẹ̀kọ́ erè, n kò tíì lè bá a dé ibẹ̀. Owó ilé wà láti san.

Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọdébìnrin tó ń gún ọkà tí ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ń dún, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ wọn títí ó fi ku ẹyọ kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, ariwo sì dáwọ́ dúró. Ọ̀kan jẹ́ ọkùnrin tó ń ṣe ọfà. Ọba kọjá níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìlù àti èrò rẹpẹtẹ, kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kọjá.

Ẹnìkan lè béèrè pé, bí ẹ̀ka karùn-ún bá ní kí á pe ojú àti etí padà wálé, kí la wá ń wá níbi tí ẹyẹ ti ń ké, tí ewé ti ń dún? Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni, ó sì pẹ́ kó tó yé mi. Kì í ṣe pé kí á di etí. Kí etí má fa ọkàn ni. Ariwo fóònù ń pè yín lórúkọ. Ó fẹ́ kí ẹ dáhùn, kí ẹ rà, kí ẹ bínú. Ewé tó ń dún kò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Ẹ lè gbọ́ ọ kí ẹ sì wà níbi tí ẹ wà. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti kọ́ ẹ̀ka karùn-ún létí odò ju nínú yàrá tí fóònù ń gbọ̀n lórí tábìlì.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń wo ọ̀rọ̀ yìí láti ọ̀nà tiwọn. Ní 2019, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí nǹkan bí 20,000 ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ń lo 120 ìṣẹ́jú ó kéré tán lọ́sẹ̀ nínú ọgbà ìgbafẹ́, inú igbó tàbí etíkun ló sábà máa ń sọ pé ara àwọn le, inú àwọn sì dùn, ju àwọn tí kì í lọ rárá. Ẹ lè lò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè pín in. Kò ní ìyàtọ̀. Ẹ má wá sọ ọ́ di oògùn o, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tí ara rẹ̀ ti le tẹ́lẹ̀ ló máa ń jáde. Àwọn ará Japan náà ní irú rẹ̀, tí ìjọba wọn sọ lórúkọ ní 1982: shinrin-yoku, ìyẹn kí á fi igbó wẹ̀. Kì í ṣe yógà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n.

Bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ẹ pa fóònù. Ẹ rìn jẹ́jẹ́ títí ẹ ó fi rí ibi tí ẹ ó jókòó sí, kí ẹ̀yìn yín nà láì le gbagidi. Ẹ fi etí ṣáájú: kí ló jìnnà jù nínú ohun tí ẹ ń gbọ́? Kí ló sún mọ́ yín jù? Lẹ́yìn náà kí ẹ mí sínú títí ẹ ó fi ka ení dé ẹ̀rin, kí ẹ mí síta títí ẹ ó fi ka ení dé ẹ̀fà. Bí a bá ń mí síta, ọkàn tó ń lù láyà wa máa ń rọra dẹ ìlù rẹ̀ díẹ̀; ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mímí síta fi gùn jù. Ẹ má sé èémí. Ẹni tó lóyún, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tàbí tó ní àrùn ọkàn, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó ṣe èyí tó bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá sí igbó nítòsí, ojú ọ̀run wà, afẹ́fẹ́ wà; àwọn méjèèjì wà lára olùkọ́ mẹ́rìnlélógún.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kù, n kò sì fẹ́ fò ó. Àwọn kan máa ń sọ pé yógà kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú ẹ̀sìn. Ìyẹn kì í ṣe òótọ́. Láàárín àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, Búdà àti Jain ló ti dàgbà, ìlànà tó gbẹ̀yìn lábẹ́ niyama sì ni kí á jọ̀wọ́ ara ẹni fún Ishvara, Olúwa. Àwọn onígbàgbọ́ kan mú èémí àti ìdúró, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Àwọn mìíràn kọ gbogbo rẹ̀. Àwọn kan ka Olúwa yẹn sí ẹni tí àwọn ti ń sìn tẹ́lẹ̀. Kí kálukú fi ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ṣe é, kó ṣáà mọ ohun tó ń mú àti ohun tó ń fi sílẹ̀.

Patanjali ní àṣeyọrí ń wá látinú ohun tí a ṣe fún ìgbà pípẹ́, láìdá a dúró, tọkàntọkàn. Kò sọ iye ìṣẹ́jú. Àná ni mo jókòó sábẹ́ igi mi, mo ń ka èémí: ení, èjì, ẹ̀ta. Mo dé eéje kí n tó rántí lẹ́tà kan tí n kò tíì fèsì, mo sì ti kọ èsì náà dé ìdajì nínú orí mi kí n tó mọ̀. Ẹyẹ kan fò kúrò lórí ẹ̀ka. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ení.